Bí Ellen Kọ́mọláfẹ́ Ṣe Kó Orin Ọkọ Rẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ká má parọ́, Ellen Kọ́mọláfẹ́ kò fẹ́ràn síídì rárá nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Àwọn àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí wọ̀nyẹn ni ọkọ tirẹ̀ ń kó wálé nígbà tí ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó léèsì. Dúrótìmí Kọ́mọláfẹ́ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ wọn, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá rán an lọ sí òkè òkun, àpótí kan ni yóò gbé lọ, méjì ni yóò gbé dé, síídì ni yóò sì kún inú èkejì: orin akọrin, orin dùùrù, orin fèrè, àti orin tí Ellen kò mọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ellen á wo àpótí, á wo ọkọ, á pòṣé. "Pàǹtí olówó iyebíye" ni ó ń pè wọ́n, lójú àlejò, lójú ẹbí, lójú ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí pálọ̀ wọn. Ọkọ á kàn rẹ́rìn-ín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ó ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí Ellen kì í bá pàǹtí náà jà. Ìjọ tí ń pa ọjọ́ keje mọ́ ni wọ́n ń lọ. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ìsinmi dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ títí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi wọ̀. Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ á rò pé ìgbádùn ni. Kí onítọ̀hún wá wo ìyàwó ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì! Oúnjẹ ọjọ́ méjì ni yóò sè, omi ọjọ́ méjì ni yóò pọn, yóò lọ aṣọ, yóò nu bàtà, yóò gbálẹ̀, yóò wẹ̀, gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó bọ́ sẹ́yìn ọ̀pẹ. Ellen tún jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú ariwo ọmọ ni ó ti ń bọ́ sídìí ìkòkò. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ara rẹ̀ á ti dà bí aṣọ tí a fún. Ìgbà náà ni Dúrótìmí á yan síídì kan ṣoṣo, á fi í sínú ẹ̀rọ, á padà lọ jókòó láìsọ̀rọ̀. Ellen á na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Títí orin náà yóò fi tán, ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ rẹ̀ fún ohunkóhun. Ìgbà tí ọkọ kú ni ó tó mọ̀ pé wákàtí yẹn ni ó ti ń gbé òun ró láti ọjọ́ yìí wá.

Lójijì ni Dúrótìmí kú, nígbà òjò ọdún 1998. Wọ́n sin ín tán, ẹbí pàdé ní Irolu, ìlú wọn, láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Ilé àti ìwé di ti àwọn ọmọ. Aṣọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí aṣọ tọ́ sí. Ó wá ku Ọláwọlé, àbúrò olóògbé, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ń ṣe epo pupa ní Irolu níbẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ṣófo. Olórí ẹbí ronú díẹ̀, ó ní, "Àwọn àwo orin yẹn ńkọ́? Kí Ọláwọlé gbà á. Bí ọdún bá yí po, tí ìyàwó bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kí ó lọ kó ẹrù rẹ̀." Ọláwọlé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ellen jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Kí ni ì bá sọ? Ìyàwó kì í dá sí i níbi tí wọ́n ti ń pín ẹrù ọkọ rẹ̀. Bí ó bá sọ pẹ́rẹ́, wọ́n á ní òkú kò tíì tutù tí ojú rẹ̀ ti wà lára ẹrù. Lóòótọ́, Ọláwọlé kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n inú ilé ni Ellen bá a, "ọkọ mi" ni ó sì ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ta ni yóò wo ojú ọkọ rẹ̀, tí yóò ní kí ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún òun? Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ni wọ́n kọ́ni pé àwọn ọ̀nà kan wà tí ojú gbọ́dọ̀ máa tini láti béèrè.

Ọláwọlé kò já a sílẹ̀ o. Jálẹ̀ ọdún náà ni ó ń wá kí i, pẹ̀lú gàrí, pẹ̀lú epo. Á jókòó díẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́, á dìde. Kò dárúkọ síídì, Ellen náà kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí yóò máa lọ tí kò ní wo ibi tí wọ́n tò wọ́n sí lára ògiri. Ìwò yẹn ń dun Ellen wọ egungun.

Yísà ni ó fi ọ̀nà hàn án. Aládùúgbò rẹ̀ ni, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni ilé rẹ̀ wà, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà Ìlíṣàn tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Ó wá wo kọ̀ǹpútà olóògbé lọ́jọ́ kan, ó rí ògiri síídì, ó súfèé. Ellen sọ fún un pé wọn kò ní pẹ́ kó wọn lọ.

"Màmá, síídì ni wọ́n á kó lọ," ni Yísà wí. "Orin inú rẹ̀, a lè kó o sínú kọ̀ǹpútà yìí. Kí ẹni tó ni ín gbé àwo rẹ̀, kí orin kù sílé."

Ellen di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Yísà ní ikùn kọ̀ǹpútà náà kò tó, ó bá a fi òmíràn kún un, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Láti ọjọ́ náà ni Ellen ti pinnu: gbogbo orin Dúrótìmí ni yóò wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn kí ọdún tó yí po, kí wákàtí ọjọ́ Ẹtì òun má baà parun.

Iṣẹ́ náà kò le, ó kàn ń jẹ ẹ̀mí ènìyàn ni. Fi síídì sí i, tẹ bọ́tìnnì, kí o dúró. Ẹ̀rọ á máa yí, á máa kùn, bíi pé ó ń lọ àgbàdo. Ó ń pẹ́ lórí síídì kan ju bí akọrin ṣe ń pẹ́ lórí orin inú rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kò sì mọ orúkọ orin kankan. Ellen ni yóò máa tẹ orúkọ wọn, ìka kan, ìka kan. Bí iná bá lọ láàárín, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rinrin ti ba àwọn kan jẹ́, wọ́n ní àmì funfun lára bíi búrẹ́dì tó ti bu. Bí ẹ̀rọ bá dé orí irú wọn, á máa tún ibì kan náà sọ bí akólòlò. Ellen á yọ ọ́, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á nù ún, á dá a padà. "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba," ni Yísà fi ń tù ú nínú.

Ìṣòro ńlá ibẹ̀ ni iná. Tiransifọ́mà àdúgbò wọn kò gbé gbogbo ilé mọ́, wọ́n bá pín in. Apá ọ̀dọ̀ Ellen ń rí díẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ iṣẹ́, bí ó bá wu iná náà láti wá. Èyí tó pọ̀ nínú ìpín wọn, ìyẹn ojúlówó iná tí kì í ṣẹ́jú, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ẹ wo iṣẹ́ ayé! Odindi ọ̀sẹ̀ wà nílẹ̀, orí Ọjọ́ Ìsinmi gan-an ni iná wá lọ sùn sí. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí ènìyàn ń tò fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́dún náà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ellen di ẹni tó ń jí kí àkùkọ tó kọ. Á jókòó síwájú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á wúwo, á kó síídì kan, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ kó méjì, á sáré wẹ̀, á lọ síléèwé. Ó tòògbé lórí ìlà níwájú àwọn ọmọ lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan ni ó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí iná bá yára dé, ìkòkò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, síídì wà lọ́wọ́ òsì. Ó pa ohùn ẹ̀rọ náà pátápátá, nítorí bí orin bá ń dún, yóò dúró gbọ́ ọ, bí ó bá sì dúró gbọ́ ọ, ọbẹ̀ á jóná. Nígbà tí oòrùn bá wá wọ̀, tí ó yẹ kó fi síídì kan sí i kó sinmi, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó nawọ́. Orí àga ni oorun ń gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wákàtí tí ó ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà kò sí mọ́, kò sì ráyè kíyè sí i.

Àánú rẹ̀ ṣe Yísà. Ó wá bá a lọ́jọ́ kan. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa wá pààrọ̀ síídì náà ní Sátidé. Ẹ máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Rárá, Yísà. Òfin dárúkọ àlejò tó wà nínú ọgbà ẹni. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ sinmi."

"Ẹ jẹ́ ká gbé kọ̀ǹpútà náà kọjá fẹ́ǹsì nígbà náà. Ilé mi kì í ṣe ọgbà yín."

Ellen rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ ọ́n mọ̀. "O gbọ́n ju àwọn alàgbà wa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ni kọ̀ǹpútà? Bí mo bá ní màlúù, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ inú ọgbà tìẹ ló wà."

"Màmá, èyí ò jẹ koríko."

"Kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́."

Yísà fọwọ́ họ irùngbọ̀n. "Ẹ kúkú máa ń gbọ́ orin ní Sátidé. Bí ó bá ṣe ń kọrin fún yín, kí ó máa kó o pamọ́ nínú ibẹ̀. Ìyẹn náà, iṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ellen lára ju ti ìṣáájú lọ. Ó gbé e rò fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, nínú ilé ìdáná, lójú ọ̀nà iléèwé. Ìdáhùn tó mú wá ni pé orin dà bíi mánà ayé àtijọ́: kí a gbọ́ ọ, jíjẹ ni, kí a kó o pamọ́, ìkórè ni. Àwọn tó jáde lọ kó mánà lọ́jọ́ náà kò rí nǹkan kan, èyí tí wọ́n sì kó pamọ́ lọ́jọ́ mìíràn dìdin. Yísà mí kanlẹ̀. Ó ní òun náà ní Jímọ̀ tòun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti kírun tán, Ọlọ́run ń jẹ́ kí òun padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má rò pé agídí lásán ni o. Ìpẹ̀rú ni wọ́n bí Ellen sí, inú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọge, wọ́n gbé ìdánwò àṣejáde rẹ̀ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó kọ̀, kò lọ, ó tún ọdún náà kà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀ gboyè. Kò kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ohun kan tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà sí nínú gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn, pé òun kò ta Ọjọ́ Ìsinmi kankan rí.

Ọdún yí po. Ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n ṣe ìdúpẹ́, Ọláwọlé sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná ìdájí sọnù pátápátá. Páálí kékeré kan ni ó ṣẹ́ kù, àwọn tí Dúrótìmí fẹ́ràn jù ló sì wà nínú rẹ̀, nítorí Ellen ti fi wọ́n sẹ́yìn bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sẹ́yìn oúnjẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí oòrùn ṣe ń wọlẹ̀ ni iná ń dé. Ellen jókòó, ó wo gílóòbù tó tàn, ó fẹ́ sunkún.

Ó lọ sílé ìsìn lówúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oníwàásù ń sọ̀rọ̀, páálí ni ó ń rí. Wọ́n tú ká, ó sọ fún wọn pé òun kò ní lè dúró ṣe ti ọ̀sán, orí ń fọ́ òun. Orí ń fọ́ ọ lóòótọ́. Ó dé ilé, ó wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà wà, ó fa kọ́tínì.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, ó ní kí òun kàn mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ó fi síídì kan sí i, ó ní kí òun kàn gbọ́ ọ. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ìgbà tó yá, ìka rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, òrùlé kò já lù ú. Èkejì rọrùn ju èkínní lọ. Láti ìgbà náà títí ìrọ̀lẹ́, ó ń pààrọ̀ síídì, gèlè ìsìn ṣì wà lórí rẹ̀, òógùn ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí orin kankan dún kí aládùúgbò má baà gbọ́. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn parí, oòrùn ti ń wọ̀. Ó yẹ kó gbàdúrà tí a fi ń dágbére fún Ọjọ́ Ìsinmi. Ó kúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò là, ó dìde. Kò sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́.

Ọláwọlé dé lọ́jọ́ Àìkú lórí ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì epo wà níwájú rẹ̀. Ellen kúnlẹ̀ kí i. Ó ti to gbogbo síídì sínú páálí, ó fi okùn dì wọ́n, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Ọláwọlé wo páálí, ó wo ògiri tó ṣófo.

"Ìyàwó wa, kí rè é?"

"Ẹrù yín ni, ọkọ mi. Mo ti dì í sílẹ̀ dè yín."

Ọláwọlé gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. "Níbo ni mo fẹ́ gbé e sí? Ilé tí mò ń gbé, iná ò dé ibẹ̀. Rédíò oníbátìrì ni mo ní." Ojú ń tì í. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ọjọ́ tí wọ́n ń pín ẹrù, ọmọ ẹbí wa kan láti Èkó ti ń nawọ́ sí i, ó fẹ́ lọ tà á. Mo mọ̀ pé tí mo bá kọ̀ ọ́, òun ni wọ́n máa fún. Ni mo bá gbà á. Mi ò lè sọ níwájú àwọn àgbà pé ibi tó wà ni mo fẹ́ kó wà, wọ́n á ní mo fojú tín-ín-rín ohun tí wọ́n fún mi."

"Ẹ ò sì sọ fún mi," ni Ellen wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń pè wọ́n ní pàǹtí. Kí n wá gbé ẹrù tí ẹ ò fẹ́ lé opó lọ́rùn? Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mò ń fẹ́ bẹ̀ yín. Tí mo bá ti wo ojú yín báyìí, ó máa ń rẹ̀ yín, mo máa ní ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbi tí Bùọ̀dá mi gbé e sí. Kí n máa wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Láti ìgbà wo lẹ ti pinnu èyí?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín in."

Ellen jókòó lé ọ̀kan nínú àwọn páálí náà. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín, ẹ̀rín gbígbẹ. Kí ẹ̀rín náà tó tán, omijé ti dé. Inú bí i sí olórí ẹbí, inú bí i sí Ọláwọlé, inú bí i sí ara rẹ̀ jù wọ́n lọ. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba àwọn méjèèjì là láti ọdún tó kọjá. Ọmọlúàbí ni wọ́n, kò sí èyí tó sọ ọ́.

Ọláwọlé rò pé ọ̀fọ̀ ni ó tún dìde sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. "Ẹ má sunkún mọ́, ìyàwó wa. Bùọ̀dá ti lọ sinmi."

"Wọ́n ti sinmi," ni Ellen dáhùn, ó fi etí ìró nu ojú. Kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe Dúrótìmí ni òun ń sunkún lọ́jọ́ náà. Àná ni ó ń sunkún, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó tà ní ayé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ó tà á.